Ìbéèrè Ẹ̀ẹ̀kejì

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ti kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ètò tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń fi ránṣẹ́ sí mi: kí ni ìwádìí sọ gan-an? Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má fi ti Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló ti mọ ìyẹn. Ó dáa. N ó gba ibòmíràn wọlé, ṣùgbọ́n dandan ni kí n dé Ifẹ̀, torí kò dá mi lójú pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe rò.

Ẹ rántí Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní ilẹ̀ yìí ti há orúkọ rẹ̀ sórí rí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ayò ṣàlàyé ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò rẹ̀. Ẹ to ọmọ ayò mẹ́fà sí ìlà kan, kí ẹ to mẹ́fà mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kojú ara wọn. Ẹ bi ọmọ ọdún márùn-ún pé: ṣé iye kan náà ni, àbí ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ? Á ní iye kan náà ni. Ẹ wá fa ìlà kan gùn lójú rẹ̀, láìfi ẹyọ kan kún un. Ẹ tún bi í. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí yẹn ni yóò sọ pé èyí tó gùn ló pọ̀ jù. Piaget ní ọpọlọ ọmọ náà kò tíì dé ibi tí yóò fi mọ̀ pé iye kì í yí padà bí a bá kàn sún nǹkan kúrò láàyè rẹ̀. Ó di bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje. Ọ̀pọ̀ tíṣà sì sọ ọ́ di òfin: má kọ́ ọmọ ní ohun tí orí rẹ̀ kò tíì lè gbé.

Ní 1974, James McGarrigle àti Margaret Donaldson, ní Scotland, yí nǹkan kékeré kan padà. Wọ́n mú ọmọlangidi kan wá, wọ́n pè é ní Naughty Teddy, ìyẹn Teddy aláìgbọ́ràn, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ pé ó máa ń sá jáde wá ba eré jẹ́. Dípò kí àgbà olùwádìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún àwọn nǹkan náà, Teddy ni yóò já wọlé tí yóò sì da ìlà rú. Ìbéèrè kò yí padà. Nínú ìwé rẹ̀, *Children's Minds*, tó jáde ní 1978, Donaldson ní nínú 80 ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, 13 péré ló ní iye ṣì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà tó jẹ́ àgbà ló da ìlà rú. Nígbà tó jẹ́ Teddy ló ṣe é, 50 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ nílé Yorùbá, ẹ kò nílò kí n lọ jìnnà kí n tó ṣàlàyé èyí. Ta ló máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wa? Ìyá tó ti mọ̀ pé irọ́ ni ọmọ kọ́kọ́ pa, tàbí tíṣà tí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ní, mélòó ni méjì àti mẹ́ta?" Ohùn yẹn nìkan ti tó. Ọmọ tó gbọ́n á yára pààrọ̀ ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún ló kọ́kọ́ sọ. Àgbàlagbà kan sún nǹkan lójú rẹ, ó wá tún ìbéèrè bi. Ohun tó sún yẹn ló fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ lé lórí, àbí kí ló dé tó fi sún un? Ní ọdún 1974 yẹn kan náà, Susan Rose àti Marion Blank dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ní Amẹ́ríkà: wọ́n fo ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí ìlà ti yí padà. Àṣìṣe àwọn ọmọ náà dín kù.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ wa, "pọ̀". Omi ń pọ̀, ilẹ̀ ń pọ̀, ènìyàn ń pọ̀. Ọmọ tí a bi pé "èwo ló pọ̀ jù?" lè máa wo bí ìlà ṣe gùn tó. Ẹ bi í pé "mélòó ló wà níbí, mélòó ló wà lọ́hùn-ún?", ó di dandan kó kà á. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìdánwò Piaget wá sí Yorùbá gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Èyí tó bá mú lè sọ ọmọ kan náà di ọlọgbọ́n tàbí di ẹni tí orí rẹ̀ kò tíì tó.

Patricia Greenfield bá irú rẹ̀ pàdé ní Senegal, láàárín àwọn ọmọ Wolof tí kò lọ sí iléèwé. 1966 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde. Níbẹ̀, omi ni wọ́n ń dà láti inú ife kan sínú ife tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ kan ní omi kò rí bákan náà mọ́, ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé olùwádìí ló dà á. Àlejò pàtàkì ni. Ta ló mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe? Nígbà tí a ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ dà á, ìdáhùn yí padà gan-an. Bí a bá sì bi wọ́n pé "kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?", wọn á kàn dákẹ́. Ẹ yí i sí "kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?", wọn á fèsì láìsí wàhálà. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ sin Piaget o. 30 nínú àwọn 80 ọmọ yẹn ṣì kùnà níwájú Teddy, àwọn mìíràn sì ti fi hàn lẹ́yìn náà pé eré Teddy lè gba ojú ọmọ débi pé kò ní mọ̀ bí iye bá tilẹ̀ yí padà lóòótọ́. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé èsì ìdánwò máa ń gbé ìmọ̀ ọmọ àti irú ìbéèrè tí a bi í pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tó lè wo èsì nìkan kó mọ èyí tó jẹ́ ti èwo.

Ó wá ku Ifẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ títí dé kíláàsì kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, tí tíṣà àkànṣe ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Èsì rẹ̀ ni a ń tọ́ka sí títí dòní: àwọn ọmọ Yorùbá-dópin ṣe dáadáa jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn kò rẹ̀yìn.

Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí àwa ẹlẹ́dè abínibí ṣe ń lò ó kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹ padà ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ètò náà ní 1989. Èdè nìkan kọ́ ni wọ́n fún àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn, wọ́n tún sílébọ́ọ̀sì ṣe, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n dá tíṣà wọn lẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùwádìí sì ń wọlé ń jáde ní kíláàsì wọn. Ẹ kó gbogbo èyí kúrò, kí ẹ ní kí tíṣà tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ máa sọ Yorùbá fún ọgọ́rin ọmọ nínú yàrá kan, kí ẹ wá pè é ní ètò Ifẹ̀. Ohun tí a ti ń ṣe láti 1977 nìyẹn, nígbà tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ sọ pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. A gba èdè, a fi ìwé sílẹ̀.

Mínísítà wá yí àṣìṣe kan náà sódì. Ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Àkọ́kọ́, ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n wọ́gi lé yìí, oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án 2023, kíláàsì kẹta ló wà nígbà ìkéde yẹn. WAEC wo ló ti ṣe? Bó bá sì jẹ́ ti àwọn ọdún tó ṣáájú ni, ṣé iye tíṣà, iye ìwé àti iye ọjọ́ tí ọmọ ń lọ síléèwé dọ́gba láti agbègbè kan sí èkejì ni, tí a fi lè di gbogbo ẹrù lé èdè lórí? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń béèrè ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyẹn. Ọmọ tó mọ ohun tí à ń béèrè ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ bí a ṣe béèrè rẹ̀, òdo náà ni yóò gbà pẹ̀lú ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Olùwádìí tún wà ní Scotland tó ronú láti mú Teddy wá.

Ìwádìí tí mo fẹ́ kì í ṣe ohun ìyanu: kíláàsì méjì, ìwé kan náà tí a kọ ní èdè méjì, tíṣà tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan náà, kí a sì bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè ìṣirò ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lónìí, ẹ kì í sì í ṣe ọmọdé níbẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé ìkéde 2025 yẹn lé lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi. N ó kà á láti ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, n ó sì kọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ síhìn-ín, ì báà jẹ́ pé Mínísítà ni yóò dá láre.