Ẹ̀wọ̀n Tí Ó So Edan Pọ̀

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà wo edan Ògbóni lóde òní, méjèèjì ni ó sì ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé ìwàásù àti fíìmù àgbéléwò ti kọ́ wa pé irinṣẹ́ ìkà ni. Àwọn olùkójọ ohun ọnà nílẹ̀ òkèèrè, ní tiwọn, ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí ère idẹ lásán. Àwọn kan rí agbára, wọn kò rí ọnà; àwọn kejì rí ọnà, wọn kò ka agbára sí. Èrò tiwa ni pé lámèéyítọ́ tí ó bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò lè mọ ohun tí edan jẹ́.

Ère méjì ni edan, akọ kan, abo kan, tí a fi ẹ̀wọ̀n so orí wọn pọ̀. Ìda ni alágbẹ̀dẹ idẹ kọ́kọ́ fi ń mọ ọ́n. Yóò fi amọ̀ bò ó, yóò yọ́ ìda náà jáde, yóò sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ní Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n ti ń pe Ògbóni ní Òṣùgbó. Bí a bá wo ère náà, orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ yọ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí ó pe èyí ní àìmọ̀ọ́ṣe kò mọ ipò tí Yorùbá fi orí sí. Àwọn mìíràn gbé ẹ̀ṣẹ́ òsì lé ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, wọ́n fi àtàǹpàkò pamọ́. Ìkíni Ògbóni nìyẹn: ọnà náà ń bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀, ó sì ń dákẹ́ fún ẹlòmíràn.

Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fi edan ránṣẹ́ sí mọ̀ pé àwọn àgbà ń pe òun, kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ìmùlẹ̀. Ẹni tí ó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí edan, tí ó jáde nínú African Arts ní 1995, Babatunde Lawal tẹnu mọ́ ipò Ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá. A fara mọ́ èyí. Ẹ̀wọ̀n náà ni àwa fẹ́ kí òǹkàwé tún fi ojú sí. Àwọn Ògbóni a máa sọ pé Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ta ni ẹ̀kẹta? Àwọn kan ní awo fúnra rẹ̀ ni, àwọn kan ní Ilẹ̀ ni. Èyíkéyìí tí a bá mú, lójú tiwa, ẹ̀wọ̀n ni ibi tí ẹ̀kẹta yìí ti fara hàn. Láìsí i, ère akọ àti ère abo kàn dúró ni, kò sí ohun tí ó dè wọ́n mọ́ra.

Nítorí náà ni a ṣe ka edan aláìlẹ́nìkejì, irú èyí tí a ń rí nínú àwọn àkójọ ilẹ̀ òkèèrè, sí ohun tí ó bàjẹ́, bí ojú rẹ̀ ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò sọ pé idẹ ni, yóò sọ bí ó ti ga tó, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ohun tí a já kúrò lára rẹ̀. Ó yẹ kí ó sọ ọ́.

Ẹlòmíràn lè ní ẹni tí kò bá mùlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa edan. A bọ̀wọ̀ fún awo. Síbẹ̀, ohun tí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ fi sí ojú ère, ojú ni a fi ń wò ó. Bí àwa fúnra wa kò bá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti wò ó, fíìmù àti oníṣòwò ohun ọnà ni yóò máa kọ́ wọn.