Ohun tí «dín kù» fi pamọ́: àríwísí lórí àkópọ̀ ìwádìí kan

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan túmọ̀ àkópọ̀ ojú-ewé méjì láti èdè Faransé sí Yorùbá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Oslo ló dá lé: wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó sanra ní mesna, oògùn tó ń dáàbò bo àpòòtọ̀ nígbà ìtọ́jú jẹjẹrẹ, láti wo bí cysteine inú ẹ̀jẹ̀ wọn yóò ṣe wálẹ̀. Amino acid ni cysteine; ó sábà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sanra. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ sí «oògùn tó ń dín cysteine kù».

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Houinmè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni: «Àìsàn wo nìyẹn?» N kò dá wọn lẹ́bi. Ibà, ìrora, ẹ̀jẹ̀ ríru ni rédíò ń sọ pé oògùn ń dín kù. Iyọ̀ pàápàá, ọjọ́ tí dókítà bá ní ká dín in kù ló di ọ̀tá. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti sọ cysteine di àrùn kí òǹkàwé tó mọ ohun tó ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ara nílò rẹ̀. Lára òun àti methionine ni imí-ọjọ́ tí ara fi ń borí májèlé cyanide inú ẹ̀gẹ́ ti ń wá. Lọ́dún 1968, B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé irú amino acid onímí-ọjọ́ wọ̀nyí kò tó nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan ní Nàìjíríà, àwọn ajẹ̀gẹ́ tí àrùn iṣan kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dúró dáadáa. Ẹni tó ń jẹ gàrí lójoojúmọ́ ní Àjàṣẹ́ yẹ kó mọ̀ pé ohun tí oògùn náà ń mú lọ kì í ṣe ìdọ̀tí.

«Dín kù» tún fi ọ̀nà pamọ́. Iye nìkan ló ń sọ. Cysteine púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ albumin. Ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ wa lè sọ ìyókù: «mesna ń já cysteine gbà lọ́wọ́ albumin gbé sínú ìtọ̀».

Ní ti «dídà oúnjẹ» tó fi túmọ̀ métabolisme, inú ikùn ni oúnjẹ ti ń dà. «Ìyípadà èròjà nínú ara» sàn jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbólóhùn mi gùn jù fún àkọlé. Òótọ́ ni. Kó fi «dín kù» sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó fi «nínú ẹ̀jẹ̀» kún un, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì sọ iṣẹ́ tí cysteine ń ṣe lára.