Ìpàkọ́ tí Ojeikere Yà

Ẹni tó bá wọ ilé fọ́tò nílẹ̀ wa láyé ọjọ́un, á jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, á kọjú sí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere ní kí obìnrin kọ ẹ̀yìn sí òun. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, àwọn fọ́tò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Lójú tèmi, kò sí ayàwòrán oge tó mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀ tó o.

Ẹ wo ohun tó yọ kúrò. Kò sí àwọ̀, kò sí àga, kò sí òdòdó, kò sí aṣọ títa sẹ́yìn. Rolleiflex tó ń lò, kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé síwájú ikùn, tí wọ́n ń bojú wò láti òkè, fọ́tò onígun mẹ́rin tó dọ́gba ló ń yà. Irun á gba àárín, ọrùn á tẹ̀ lé e, bóyá yẹtí kan, bóyá etí kọ́là aṣọ. Bí ojú obìnrin bá wà níbẹ̀, ojú náà la ó máa wò. Nígbà tí kò sí, a wá rí ìlàrí tó gún bí okùn tí bíríkìlà ta. A rí ibi tí onídìrí ti fà á le, àti ibi tó ti rọra.

Irun dúdú, òwú dúdú, nínú fọ́tò aláìláwọ̀: iṣẹ́ tó le nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, agbárí á funfun, irun á dà bíi pé kò sí. Bó bá kéré, gbogbo rẹ̀ á dì pọ̀ di òkùnkùn kan ṣoṣo. Nínú “Onílé Gogoro” tó yà ní 1975, wọ́n ti fi òwú kó irun títí tó fi dìde dúró, bẹ́ẹ̀ èèyàn ṣì lè fi ojú tẹ̀ lé bí òwú ṣe ń yí irun po.

Ìdí fọ́tò fífọ̀ ló ti kọ́ ìyẹn. Ovbiomu-Emai, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ó ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan ní 1950, ó sì ń kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn títí wọ́n fi gbà á ní 1954, kó máa báni fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ní 1963, ó lọ sí iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity l'Ékòó, kó tó dá Foto Ojeikere sílẹ̀ ní Kétu ní 1975. Mo gbà pé iṣẹ́ ìpolówó wà lára ohun tó là á lójú: ẹni tó ń polówó ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohun mìíràn bá ọṣẹ du ojú èèyàn.

Wíìgì ló ń gbayì nígboro nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Ó mọ̀ pé irun tí wọ́n dì lónìí, wọ́n á tú u láìpẹ́. Ó sì kọ orúkọ irun sílẹ̀: Ṣùkú, Kòròbà, Abẹ̀bẹ̀, Ògún Parí. Ẹ kó àwọn fọ́tò náà lọ fún àwọn ìyá wa l'Ókè-Àgbò n'Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n á dárúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ẹ tó béèrè.

Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Fondation Cartier pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 2000, àfihàn Biennale ti Venice náà pàtẹ rẹ̀ ní 2013. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2014.

Ohun kan ń dùn mí. Orúkọ irun ló wà nínú àkọlé, orúkọ onídìrí kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó fi ìka ara rẹ̀ gbé Onílé Gogoro dúró, ǹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n.