Àwọn Tó Ń Tún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe ní Command

Ní Command, lápá Ìpájà l’Ékòó, etí ni mẹkáníìkì ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Á ní kí o wa ọkọ̀ gba inú kòtò, òun á sì tẹ́tí: “kó-kó-kó” lọ́tọ̀, “gbì” lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, á fọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ń jó sókè sódò tí kò dúró, ṣọ́ọ̀kù ti kú nìyẹn; kò lè kó sípíríìnì níjàánu mọ́.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀ṣì ni mo yìn jù, rọ́bà kékeré tó wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le tán nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Á gbé e sílẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ jókòó lórí táyà ná. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya. Sùúrù yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ilé sáré láàárín kóònù, eré tí wọ́n ń pè ní autocross, náà ń wá irú ìmọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí. Àwa ò ní kóònù; kòtò la ní. Bí kòtò bá ti ba tìrẹ jẹ́, tí o sì ń lọ ra ṣọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, jọ̀ọ́, méjì ni kí o rà, tọ̀tún tòsì.