Ọ̀rọ̀ Lórí Ìran Èdè Zande

Láti ìgbà tí Joseph Greenberg ti pín àwọn èdè Áfíríkà sí ẹbí-ẹbí nínú ìwé rẹ̀ ti 1963 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń ka Zande mọ́ ẹbí Niger-Congo. Zande àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, bí i Nzakara, Barambo àti Pambia, ni wọ́n ń sọ ní agbègbè tí Kóńgò ti Kinshasa, Gúúsù Sùdáànì àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ti pààlà. Abẹ́ ẹ̀ka Adamawa-Eastern ni Greenberg tò wọ́n sí. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ apá kan ẹ̀ka náà ní Ubangi. Àlejò tí ẹlòmíràn mú wọlé ni Zande nínú ẹbí yìí. Nígbà tí Gerrit Dimmendaal wí ní 2008 pé ẹ̀rí tí ó so Ubangi mọ́ Niger-Congo kò tó, àlejò àti ẹni tí ó mú un wá jọ bọ́ síta ni.

Gírámà rẹ̀ pàápàá ń dá kún iyèméjì. Arọ́pò-orúkọ "ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Ọ̀nà mẹ́rin ni Zande pín tirẹ̀ sí: ko fún ọkùnrin, ri fún obìnrin, u fún ẹranko, òmíràn fún ohun aláìlẹ́mìí. Síbẹ̀, òṣùpá, òṣùmàrè, òòlù àti ọ̀dùnkún wà lábẹ́ ẹranko! Ní 1985, Ulrike Claudi fi Zande ṣe àpẹẹrẹ bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń hù nínú èdè. Èyí yàtọ̀ gedegbe sí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ alámì ìbẹ̀rẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn èdè Bantu.

Ṣùgbọ́n àìní ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ kò tó láti lé èdè kankan jáde. Yorùbá kò ní i mọ́, kò sì sí ẹni tí ń bá a du ipò rẹ̀ nínú Niger-Congo, nítorí pé ọ̀rọ̀ bí i kú àti ẹ̀ta ní ojúgbà nínú àwọn èdè Bantu. Ohun tí wọ́n ń bá Yorùbá fà kò ju ti ẹ̀ka lọ: Kwa ni Greenberg fi í sí, Benue-Congo ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbé e lọ lẹ́yìn náà.

Irú ẹ̀rí ọ̀rọ̀ àti ìró yìí ni ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Zande. Àwọn tí ó sáré sọ ọ́ di ẹbí ọ̀tọ̀ náà kò ṣe dáadáa. Ohun tí kò tí ì hàn kì í ṣe ohun tí kò sí. Zande gan-an ni ìwé pọ̀ lé lórí, láti orí gírámà E. C. Gore ti 1926. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi Barambo àti Pambia wé e, ìró sí ìró, kí ìyá tí ó bí gbogbo wọn tó lè hàn, kí wọ́n tó máa wá ẹni tí ó bí ìyá náà.