Awọ Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí ihò ìtọ̀ wọn kì í yọ ní ṣóńṣó orí nǹkan ọmọkùnrin wọn. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń yọ. Hypospadias ni àwọn dókítà ń pè é. Awọ adọ̀dọ́ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ fi tún un ṣe, àmọ́ nílẹ̀ Rẹ́mọ, kì í pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ tí wọ́n fi ń dábẹ́ fún un. Awọ náà ti lè lọ kí òbí tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù. Bí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ bá tún wá tú, àpá líle ló kù nílẹ̀.

Inú ẹnu ni oníṣẹ́ abẹ máa ń yà sí nígbà náà. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Humby ti lo awọ ibẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1941. Ní 1995, oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Bracka, tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọ̀wé lórí bí a ṣe ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà á wọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Á fi abẹ la àárín àpá, á máa gé e kúrò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ẹran rírọ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Á fi abẹ́rẹ́ fún omi oníyọ̀ sí nǹkan ọmọkùnrin náà kó lè le, kí dókítà fi mọ̀ bóyá ó ti nà tàbí ó ṣì tẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Á fi yínkì fa ìlà, á yẹra fún ojú ibi tí itọ́ ń gbà wọ ẹnu. Ó máa ń gé awọ náà tóbi ju ojú ibi tó ń lọ, torí awọ tí a ṣí nípò máa ń súnkì. Á tẹ́ ẹ sórí ìka, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, á fi sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu títẹ̀ họ ọ̀rá rẹ̀ títí yóò fi mọ́.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan kò bọ́ awọ yìí mọ́. Bí ọmọ igi obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, ilẹ̀ tí a tẹ́ fún un ni ìyè rẹ̀. Òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ni dókítà fi ń rán etí rẹ̀ mọ́ ibi tó ti gé àpá kúrò, á tún fi abẹ́rẹ́ gún àárín rẹ̀ káàkiri, kí ẹ̀jẹ̀ má baà rọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbé e kúrò nílẹ̀. Á di gọ́ọ̀sì lé e mọ́lẹ̀ pinpin. Fún nǹkan bí wákàtí 48, omi ara tó ń sun láti abẹ́ ni awọ náà ń mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣan tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀.

Ó tó nǹkan bí oṣù 6 kí wọ́n tó padà ṣe apá kejì iṣẹ́ náà, nígbà tí awọ náà bá ti rọ̀. Dókítà á ká a yí rọ́bà ìtọ̀ ká, á rán etí méjèèjì pọ̀, á yí etí náà sínú. Á fa ìpele ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ bò ó kó tó rán awọ òde. Ó máa ń rí i pé ìlà rírán kan kò bọ́ sórí èkejì, torí ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé ni ìtọ̀ ti lè rí ọ̀nà jò.