Àpáàdì Orí Tánkì Ẹja Mi

Rọ́bà ọ̀dà kan wà lórí tánkì ẹja mi ní Ìlobùú, mo ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Púńpù kékeré ń fa omi tánkì gòkè sínú rẹ̀, omi á gba inú fóòmù kọjá, á gba àárín àpáàdì, á sì máa kán padà sọ́dọ̀ ẹja. Bí àlejò bá bi mí pé kí ni àfọ́kù ìkòkò ń wá níbẹ̀, mo máa ń mú ẹyọ kan jáde kí ó fi ìka kàn án. Á bá a pé ó ń yọ̀ bí ilá. Ohun tó ń yọ̀ yẹn gan-an ló ń tún omi ṣe.

Ẹja ń jẹ, ó ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì ń jẹrà nísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń di amóníà, tó jẹ́ oró fún ẹja. Omi lè mọ́ gaara lójú kí ó sì máa pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń gbà wá: apá kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ oró, apá kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà títí a ó fi pààrọ̀ omi. Ibùgbé àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ ara òkúta olówó ńlá tí wọ́n ń tà fún tánkì ni à ń sanwó fún.

Ìkòkò wa náà ní ihò. Ẹni tó bá ti mu omi àmù rí mọ bó ṣe ń tutù: omi ń sun gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ní ìlú tí a ti ń bọ Erinlẹ̀, ta ni kò mọ ìkòkò amọ̀ tí omi odò àti ọta wà nínú rẹ̀? Àmù ìyá àgbà kan ní Ìfọ́n, tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú tiwa, ni mo kọ́kọ́ lò. Ó fọ́, ìyá sì ní, “Ọmọ mi, máa kó o lọ.” Mo bọ̀ ọ́ lórí iná, mo fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ẹyọ obì. Àpáàdì ìkòkò epo tàbí ti àgbo kò dára fún iṣẹ́ yìí. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ náà kò dára, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ọmọrí ike omi dára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán jù, kòkòrò kì í tètè gbà á bí amọ̀.

Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn kòkòrò náà tó pọ̀ tó, nítorí náà ẹja díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ àpáàdì mi lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa àwọn kòkòrò náà. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹja ti gbẹ́nu sókè, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo sin mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, omi inú tánkì fúnra rẹ̀ ni mo fi ń ṣan fóòmù, àpáàdì kì í sì í rí ọṣẹ.

Bí iná bá lọ pẹ́, ẹ máa fi ife bu omi tánkì lé àpáàdì lórí kí ó má gbẹ. Bí ẹ bá sì rí àmù tó fọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o dà sí ààtàn.